Àwọn Afọnfèrè Idẹ ní Òkè Alps

Ọ̀wọ́ àwọn òkè ńlá kan wà ní ilẹ̀ Yúróòpù tí à ń pè ní Alps. Ó gùn tó nǹkan bí 1,200 kìlómítà, láti ilẹ̀ Faransé títí dé Austria àti Slovenia, yìnyín sì bo orí àwọn tí ó ga jù nínú wọn. Ní ìgbà ooru, àwọn darandaran a máa kó màlúù gun òkè lọ jẹko. Bí ó bá di oṣù September, wọn a kó wọn sọ̀kalẹ̀. Àwọn ará òkè wọ̀nyí ní orin kan tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, tí ohùn máa ń fò láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè lójijì. Jodler ni wọ́n ń pè é.

Ní Austria, àti ní Bavaria ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Jámánì, àwọn ènìyàn a tún máa fi fèrè idẹ fọn irú orin bẹ́ẹ̀. Weisenblasen ni orúkọ àṣà náà. Ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó. Àwọn méjì a mú Flügelhorn, fèrè tí ohùn rẹ̀ rọ̀. Ẹnì kan a mú trombone tàbí fèrè mìíràn tí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí ó kù a gbé tuba ńlá lé ẹsẹ̀.

Ní àtijọ́, ìwọ̀nba ohùn díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ irú fèrè bẹ́ẹ̀ lè mú jáde. Ní ọdún 1818 ni Heinrich Stölzel àti Friedrich Blühmel gba ìwé àṣẹ ní Berlin lórí ohun tí ìka ń tẹ̀ láti yí ọ̀nà èémí padà nínú fèrè. Láti ìgbà náà ni ó ti ṣeé ṣe fún ọ̀pọ̀ fèrè idẹ láti kọ orin yòówù. Àwọn ológun gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, àwọn abúlé sì tẹ̀ lé wọn. Lónìí, ẹgbẹ́ afọnfèrè tí ó wà ní Austria nìkan ju 2,000 lọ, tí wọ́n ní aṣọ ẹgbẹ́, ìwé orin àti olùdarí.

Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta mẹ́rin tí à ń sọ yìí kò ní olùdarí, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í wo ìwé. Ẹni kìíní a gbé orin; ẹnì kejì a bá a rìn ní ìsàlẹ̀ tàbí ní òkè; ẹni kẹta a wá ohùn tí ó bá ti àwọn méjèèjì mu; tuba a dúró bí ìpìlẹ̀ ilé. Wọ́n jọ ń mí ni. Bí ẹnì kan bá fi agbára bo ohùn ẹnì kejì rẹ̀ mọ́lẹ̀, orin bàjẹ́.

Wọ́n a máa fọn ún lórí òkè, létí adágún omi, àti níbi ìsìnkú. Létí ibojì, kò sí ọ̀rọ̀ nínú orin náà, síbẹ̀ àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ a mọ ohun tí ó ń sọ.

Ewu kan wà níbẹ̀. Orin tí a kò kọ sílẹ̀, ikú àgbà kan lè gbé e lọ. Ní ọdún 1904, Ilé-iṣẹ́ ìjọba Austria tí ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́ dá iṣẹ́ ńlá kan sílẹ̀ láti kó orin àwọn ará ìlú jọ. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ìwé kò lè fi han ọmọdé bí a ti í mí pẹ̀lú ẹlòmíràn, tàbí bí a ti í dákẹ́ títí gbohùngbohùn òkè yóò fi parí tirẹ̀.

Nítorí náà ni àwọn afọnfèrè ṣe ń pàdé lórí òkè. Nínú ọ̀pọ̀ ìpàdé bẹ́ẹ̀, a kì í díje. Ẹgbẹ́ kan a fọn tirẹ̀ ní ìhà kan, òmíràn a dá a lóhùn láti ìhà kejì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ọmọdé a jókòó ti àgbà, a kọ́kọ́ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ohùn kejì, títí ọjọ́ tí àgbà yóò fi ní kí ó gbé orin fúnra rẹ̀. Ọjọ́ náà ni orin tó rí ẹni jogún rẹ̀.