ÀÁRÓ ÀTI IṢẸ́ ÌTỌ́JÚ
Ọ̀rọ̀ tí àwọn obìnrin sọ ní ìpàdé ọdọọdún ti Ẹgbẹ́

Ọ̀rọ̀ tí àwa obìnrin gbé wá síwájú Ẹgbẹ́ kò gùn, ṣùgbọ́n ó wúwo.

Láti ayé àwọn babańlá wa ni a ti ní ọ̀wẹ̀ àti àáró. Ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ a máa bọ́ àwọn tí ó wá ṣiṣẹ́, ó sì parí. Ṣùgbọ́n gbèsè ni àáró: bí ẹ bá ro oko wa lónìí, dandan ni kí a ro tiyín lọ́la. Bákan náà ni àwọn obìnrin ń jọ hó ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ń jọ yan gàrí.

Nígbà tí iṣẹ́ yìí ń lọ, ta ni ó ń tọ́jú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́? Ta ni ó ń bu omi fún arúgbó tí kò lè dìde? Obìnrin kan náà ni, a kì í sì í ka ọjọ́ rẹ̀ mọ́ àáró. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Nínú ìlànà tí àwọn ìjọba ayé fi ń ṣírò ọrọ̀ orílẹ̀-èdè, gàrí tí a yan fún jíjẹ ilé wà níbẹ̀. Ìtọ́jú ọmọ tí a kò gba owó lé lórí kò sí níbẹ̀. Ní 2018, Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀ràn Iṣẹ́ sọ pé nínú wákàtí mẹ́rin tí a ń lò sí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, obìnrin ni ó ń ṣe bíi mẹ́ta.

Ọ̀ràn yìí kan Agbára gan-an. Láti ìgbà tí Olóyè Adeyemi Lawson ti dá Agbara Estate sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, ilé-iṣẹ́ ti dúró sí ibi tí oko wà. A kò kórìíra ilé-iṣẹ́. Àwọn ọmọ wa ń rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oko ti ń jìnnà sí ilé, bẹ́ẹ̀ ni ìyá ń jìnnà sí ọmọ.

Nítorí náà, ohun méjì ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkínní, kí ẹgbẹ́ àáró ka ẹni tí ó dúró ti ọmọ sí ẹni tí ó di ọkọ́ mú: bí ó bá tọ́jú ọmọ wa lónìí, a jẹ ẹ́ ní gbèsè iṣẹ́ ọjọ́ kan lórí oko rẹ̀. Èkejì, kí Ẹgbẹ́ wá ilẹ̀ tí kò jìnnà fún oko àjọro àwọn obìnrin, kí a sì pa àtíbàbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ẹ jẹ́ kí a ka ọwọ́ tí ó gbé ọmọ mọ́ ọn.