IPÒ ÀWA MÙSÙLÙMÍ LÁÀÁRÍN ÀWỌN ARÁ ILÉ WA

Bísímíláhì Ràhámánì Ràhíìmù.



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó jẹ́ kí ojú wa rí ọjọ́ òní. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad (ṣ.a.w.), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ ni ipò àwa Mùsùlùmí láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tí ẹ̀sìn wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí a mọ̀ ni pé a kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ yìí. Kí àwọn oníwàásù onígbàgbọ́ tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842, Mùsùlùmí ti wà ní Èkó, ní Ìwó àti ní Ìsẹ́yìn. Ẹ wo èdè wa: àlùfáà, wàásù, àdúrà, àlàáfíà. Inú kéwú ni gbogbo wọn ti wá. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni wọ́n bá lẹ́nu aráàlú, wọ́n sì lò ó. Onígbàgbọ́ tó bá ń tọrọ àlàáfíà lónìí, ọ̀rọ̀ tí Ìmàle mú wá ló fi ń tọrọ. A kò sọ èyí láti fi yangàn. A sọ ọ́ kí ọmọ wa má bàa rò pé ilẹ̀ onílẹ̀ ni òun ń gbé.

Ẹ jẹ́ kí a wo mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Erékùṣù Èkó. Sierra Leone ni wọ́n ti bí Mohammed Shitta; òwò ló fi là, ó sì fi owó rẹ̀ kọ́ ilé Ọlọ́hun. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì wá, ló darí iṣẹ́ náà, ọmọlé wa Sanusi Aka sì bá a ṣe é. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní July 4, 1894, Gómìnà Gilbert Carter, tí kì í ṣe Mùsùlùmí, wà níbẹ̀. Abdullah Quilliam, òyìnbó tó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní Liverpool, ló ṣojú Sultan ilẹ̀ Tọ́kì níbẹ̀, tí wọ́n sì fi oyè Bey dá Shitta lọ́lá. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló pa pọ̀ sórí ilé náà, síbẹ̀ kíbúlà rẹ̀ kò yẹ̀. Bó ṣe yẹ kí àwa náà rí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé wa sẹ́yìn. Ẹ̀rù ba àwọn baba wa láti fi ọmọ sí ilé-ìwé àwọn míṣọ́nárì, ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe lásán: Ràfíù á lọ, Raphael á bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ ìjọba dé, àwọn tó mọ̀wé ni wọ́n mú. Ìgbà tí ìjọba dá ilé-ìwé Mùsùlùmí sílẹ̀ l'Ékòó ní 1896, tí ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen sì bẹ̀rẹ̀ ní 1923, ni ilẹ̀kùn ṣí. Ní 1955, Sheikh Adam Abdullah Al-Ilory gbé Markaz wá sí Agége, kéwú náà sì di ohun tí à ń fi ìlànà kọ́. Ìmọ̀ ló gbé wa dé ipò tí a wà.

Bí wọ́n bá sì fẹ́ fi ẹ̀tọ́ wa dù wá, ọ̀nà wà. Lórí ọ̀rọ̀ híjáàbù ní ilé-ìwé ìjọba l'Ékòó, kóòtù ni wọ́n gbé e lọ. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ní June 17, 2022, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá àwọn ọmọbìnrin wa láre.

Ẹ̀tọ́ aládùúgbò náà wà lọ́rùn wa. Nínú Súrátul Mumtahana, āyà 8, Ọlọ́hun kò kọ̀ fún wa láti ṣe dáadáa sí ẹni tí kò bá wa jà nítorí ẹ̀sìn. Nígbà tí àwọn ará Mẹ́kà ń ni àwọn sàhábà lára, ọ̀dọ̀ ọba onígbàgbọ́ ní Àbìsíníà ni Ànábì ní kí wọ́n sá lọ. Nínú agbo ilé wa, ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ Alhaji, kí àbúrò jẹ́ díákónì, ikú àti ìgbéyàwó á sì pa wọ́n pọ̀. A kì í bá wọn pín ìjọsìn, ṣùgbọ́n à ń bá wọn pín ẹran Iléyá. Nítorí náà, gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí tuntun yìí, ìpè ìrun àti wáàsí ni kí ó wà fún, kò gbọdọ̀ wà fún èébú. Lọ́jọ́ Jímọ̀, kí a má ṣe dí títì pa. Aláìsàn tí wọ́n ń gbé lọ sí ọsibítù ní ẹ̀tọ́ sí ọ̀nà, ẹ̀sìn yòówù kó máa ṣe.

Ẹ̀yin olówó wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó mọ sórí mọ́ṣáláṣí. Àwa tí à ń kọ́ ọmọ ní kéwú mọ ohun tí ojú wa ń rí: ọmọ á ti ilé-ìwé dé, á tún lọ sí lẹ́sìn, ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó gbé wàláà. Ẹ kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ilé yìí, kí kéwú àti ìwé wà lójú kan náà. Ẹ sì rántí owó oṣù olùkọ́. Mọ́ṣáláṣí tí kò ní ilé-kéwú, bó pẹ́ bó yá, àwọn arúgbó nìkan ni yóò kù ní sáàfù rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí owó tí ẹ ná, kí Ó kọ ọ́ ní làádá fún yín, kí Ó sì fi Àlùjánnà san wá lẹ́san. Àmín.

Wàsàlámù àlékùmù.