Ta Ló Ń Ta Iná, Ta Ló Sì Ń Dá Owó Rẹ̀?

(Ọ̀rọ̀ àkànṣe níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa, Ìlàjẹ, Bàrígà)

  Àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ tí wọn ò sí láàárín wa mọ́, Ọlọ́run yóò tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlú àti ìjọba, wọ́n sì bẹ̀ mí pé kí n má ṣe kámpéènì fún ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Mo gbà. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kò tilẹ̀ mọ ẹgbẹ́ òṣèlú. Ó kan àwọn tó wà nípò àṣẹ, tí wọ́n tún ní owó nínú ilé iṣẹ́ iná tàbí ti epo tí àṣẹ ọwọ́ wọn ń darí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹgbẹ́ wa yìí ṣàlàyé. Nígbà tí a fẹ́ ra aṣọ tí gbogbo wa wọ̀ lónìí, a yan ìgbìmọ̀ tí yóò lọ ná an. Àwọn kan nínú wa ń ta aṣọ. A ò ní kí wọ́n má tà fún wa, ṣùgbọ́n a ò fi wọ́n sínú ìgbìmọ̀ tó ń dá iye owó. Kò sí ẹni tó bínú, kò sí ẹni tó ní a pe òun lólè. A kàn mọ̀ pé ẹni tó ń tà kò lè jókòó sí ìhà tiwa nígbà tí a bá ń ná ọjà, bó ti wù kó jẹ́ ọmọlúàbí tó. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ìyẹn lọ, àfi pé ọjà tí mò ń wí yìí tóbi ju aṣọ ẹgbẹ́ lọ.

Ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá 2013, ìjọba àpapọ̀ kó iṣẹ́ PHCN, tí gbogbo wa ṣì ń pè ní NEPA, lé àwọn aládàáni lọ́wọ́. Nínú àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pín iná ká, ìpín 60 nínú 100 bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó rà á, ìjọba di 40 mú. Tiwa níhìn-ín wà lábẹ́ Ìkẹjà, tí ilé iṣẹ́ Sahara àti alábàáṣe rẹ̀ láti Kòríà rà. Ti Ìbàdàn bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan tí Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar, olórí ìjọba ológun tẹ́lẹ̀, jẹ́ alága rẹ̀. Ilé iṣẹ́ yẹn kan náà ló tún ra ti Yola. Ọ̀gágun ti kúrò nípò tipẹ́ nígbà náà, nítorí náà mi ò sọ pé ó rú òfin. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ti jẹ́ olórí orílẹ̀-èdè rí bá kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì àwọn tó ń dá owó iná, ta ni yóò ní kó dúró síta? Mò ń béèrè ni o.

Kí títà yẹn tó parí, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wa ti gbàgbé. Mínísítà iná láti 2011 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Barth Nnaji. Onímọ̀ ẹ̀rọ gidi ni, ó sì ti dá ilé iṣẹ́ iná tirẹ̀ sílẹ̀ kó tó dé ipò, Geometric Power, tó fẹ́ máa fún ìlú Abá ní iná. Nígbà tó di mínísítà, ó ní òun ti kúrò nínú àbójútó ilé iṣẹ́ náà, òun sì ti fi ìpín òun sọ́wọ́ àwọn tí yóò máa bá òun tọ́jú rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ń ta àwọn ibùdó amúnáwá, ó hàn pé ilé iṣẹ́ kan láti Pakistan, tó ti bá Geometric ṣiṣẹ́, wà lára àwọn tó ń du ibùdó Afam. Mínísítà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó títà náà. Wọ́n fagi lé àyẹ̀wò tí wọ́n ti ṣe lórí Afam, nígbà tó sì di ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ 2012, Nnaji fipò sílẹ̀.

Àwọn kan ní àwọn tí kò fẹ́ kí iná dára ló yọ ọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, mi ò bá wọn jiyàn. Ohun tó kàn mí ni ọ̀rọ̀ ìpín tí a fi sọ́wọ́ ẹlòmíràn yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ewúrẹ́ sìn lọ́dọ̀ ará abúlé rí, ẹ mọ bó ṣe rí. Ẹ ò rí ewúrẹ́ náà lójoojúmọ́, ẹ ò já koríko fún un. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó ń pàṣẹ ibi tí omi òjò yóò ṣàn gbà, ṣé ẹ ò ní rántí ibi tí ewúrẹ́ yín ti ń jẹ? Ní oṣù kejì 2024, wọ́n ṣí ibùdó iná Geometric ní Abá. Iṣẹ́ rere ni, mo sì kí i. Ènìyàn lè mọ iṣẹ́ dáadáa, kó má sì yẹ lórí àga tó jókòó lé.

Ti epo burú ju ti iná lọ. Dan Etete ni mínísítà epo láyé Abacha. Ní oṣù kẹrin 1998, ó fún ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Malabu ní agbègbè epo ojú òkun tí wọ́n ń pè ní OPL 245. Ilé iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé ni, ilé ẹjọ́ gíga kan ní Lọ́ńdọ̀nù sì sọ ní 2013 pé Etete fúnra rẹ̀ ní ìpín tó jọjú nínú rẹ̀. Ní 2011, Shell àti Eni san nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.3 dọ́là lórí agbègbè yẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti Malabu. Ilé ẹjọ́ kan ní Milan dá gbogbo wọn sílẹ̀ lórí ẹ̀sùn rìbá ní 2021, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ tó fi epo ìlú lélẹ̀, kí ẹ wo ọwọ́ tó gbà á.

Ẹ̀yin tí ilé yín wà ní Ugbò, Mahin àti Ayétòrò, ẹ ò lè gbàgbé oṣù tó tẹ̀lé oṣù kẹrin yẹn. Ní oṣù karùn-ún 1998 ni àwọn ọmọ Ìlàjẹ tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ sí Parabe, ibi tí Chevron ti ń wa epo lójú òkun, láti béèrè iṣẹ́ àti àtúnṣe omi tó ti bàjẹ́. Hẹlikọ́pítà tí Chevron ń lò ló gbé sójà lọ bá wọn. Ẹni méjì kú. Ẹjọ́ náà dé San Francisco ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti dá Chevron láre ní 2008. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé nínú epo Chevron yẹn, ìpín 60 nínú 100 jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nípasẹ̀ NNPC. Ìjọba tó yẹ kí àwọn ará etí òkun fẹjọ́ sùn, òun ló tún ni èyí tó pọ̀ jù nínú ọjà. Òun náà ló ni sójà. Níbo ni kí wọ́n gbé ẹjọ́ wọn lọ?

Ẹ má rò pé kò sí òfin. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ ọ́ kedere pé òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ fi ara rẹ̀ sí ibi tí àǹfààní tirẹ̀ yóò ti bá iṣẹ́ ìlú forí gbárí. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní kíkún kò gbọdọ̀ máa darí òwò kankan, àyàfi iṣẹ́ àgbẹ̀. (Èyí ló jẹ́ kí gbogbo wọn di àgbẹ̀ lójijì.) Ó tún ní kí wọ́n kọ gbogbo dúkìá wọn sílẹ̀ fún àjọ Code of Conduct Bureau. Ibi tó ti wọ́ nìyí: òfin yẹn kan náà ní ọmọ ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti wo ìwé náà, ní ọ̀nà tí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ bá là sílẹ̀. Láti 1999, wọn ò là á. Ìwé wà nínú dúrọ́ọ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ àwọn tó kọ ìwé. Ààrẹ Yar'Adua gbé tirẹ̀ síta fúnra rẹ̀ ní 2007. Ẹni tó gbapò lọ́wọ́ rẹ̀, Ààrẹ Jonathan, sọ lórí tẹlifíṣọ̀n ní 2012 pé òun ò rí ìdí tí òun fi ní láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan yóò ní níbo ni kò ti sí i. Òótọ́ ni. Ní Amẹ́ríkà, Sẹ́nétọ̀ Joe Manchin jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná àti epo láti 2021 títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2025, nígbà tí owó ń wọlé fún un láti ilé iṣẹ́ èédú tó dá sílẹ̀. Wọn ò yọ ọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe mọ̀? Nínú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ, tí òfin ní kí gbogbo ayé rí. Ní Ìlú Ọba náà, wọ́n ti ń kọ ohun tí àwọn aṣòfin ní sínú ìwé tí ará ìlú lè kà láti bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá dìbò lórí owó iná, aládùúgbò rẹ̀ mọ ohun tó wà lápò rẹ̀.

Ìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí Ìlàjẹ ni pé ọjà náà ti sún mọ́ wa. Òfin iná tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2023 gba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láàyè láti máa bójú tó iná tirẹ̀, Èkó sì ti ṣe òfin tirẹ̀ ní 2024, pẹ̀lú àjọ tí yóò máa fún ilé iṣẹ́ ní ìwé àṣẹ, tí yóò sì máa dá iye owó. Ẹ rántí oṣù kẹrin 2024, nígbà tí owó iná àwọn tó wà ní Band A fò láti náírà 68 sí 225 lẹ́ẹ̀kan náà. Àbújá ni wọ́n ti dá a. Láti ìsinsìnyí lọ, Alausa ni, àwọn ọmọ tí a mọ ilé bàbá wọn. Àwọn tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú, onígbàjámọ̀, wẹ́dà, ẹ̀yin ìyá wa tó ń ta ẹja dídì, ẹ̀yin ni ẹ ó san án. Ẹ̀yin tó ń yan ẹja létí ọ̀sà náà, ẹ ò jẹ́ fi ológbò ṣọ́ àgbàn ẹja, bó ti wù kó jẹ́ ológbò tí ẹ fẹ́ràn tó.

Nítorí náà ni a ṣe kọ lẹ́tà sí aṣojú wa ní Ilé Aṣòfin Èkó. A béèrè bóyá òun tàbí ẹbí rẹ̀ ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ iná, gáàsì tàbí ti oòrùn kankan. A sì ní kó gbé e kalẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ pé kí gbogbo ẹni tí wọ́n bá yàn sí àjọ tuntun yẹn kọ tirẹ̀ sílẹ̀, kí a lè kà á. A ò bú u. Tẹ̀tẹ́tẹ̀ ni a kọ ọ́, pẹ̀lú "ẹ jọ̀ọ́" mẹ́ta nínú rẹ̀.

Lẹ́tà náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé lórí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ sí i, kó lọ ṣe é kí wọ́n tó gbé oúnjẹ jáde, nítorí mo mọ̀ yín.