Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Bá Wa Sọ Lórí Oògùn Ara Ríro

   Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, mi ò kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ohun tójú mi rí, àti ohun tí mo lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n, ni mo fẹ́ sọ.

Alábàárù kan wà tó máa ń gbé àpò èlùbọ́ mi láti Bẹẹrẹ wá sí Ọjà'ba. Ẹ mọ bí òkè Mápó yẹn ṣe ga tó. Tó bá ti di ọ̀sán, á ní, "Màmá, ẹ fún mi lówó oògùn, ẹ̀yìn ń ro mí." Èmi náà á fún un. Mo rò pé àánú ni mò ń ṣe. Ká má parọ́, mo tún fẹ́ kí ẹrù mi tètè dé. Tramadol ló ń fi owó mi rà, kì í sì í ṣe ní kẹ́míìsì, lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri oògùn ni. Paraga ló fi ń gbé e mì.

Lọ́jọ́ kan ó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi, gìrì mú un. Àwọn kan ní wárápá ni, ká má sún mọ́ ọn. Ẹnì kan gbé epo pupa wá, ẹnì kan da omi lé e lórí. Ọlọ́run ló yọ ọ́, Micra kan ló gbé e dé ọsibítù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún mi pé tramadol tó pọ̀ lápọ̀jù lè fa gìrì.

Ẹ gbọ́ o, oògùn gidi ni tramadol. Dókítà lè kọ ọ́ fún ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ṣùgbọ́n NAFDAC ò fọwọ́ sí èyí tó ju 100 mìlígíráàmù lọ. Àwọn tí wọ́n ń tà ní bòńkẹ́lẹ́ ń jẹ́ 200, 225, 250. Tó bá pọ̀ lára, èémí á máa fà sẹ́yìn títí á fi dáwọ́ dúró. Ọtí tún ń dá kún un.

Ní 2018 ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe àti kíkó wọlé omi ikọ́ tó ní codeine nínú. Ìwádìí tí wọ́n pè ní ti 2018, tí NBS àti UNODC ṣe, sọ pé bíi mílíọ̀nù 4.6 èèyàn ní Nàìjíríà ló lo irú oògùn ara ríro yìí láìjẹ́ pé dókítà ní kí wọ́n lò ó. Nínú gbogbo àwọn tó ń lo oògùn olóró, ọ̀kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ obìnrin. Nítorí náà ẹ má wulẹ̀ máa wo àwọn ọmọ gáréèjì nìkan. Àwa tí orúnkún ń ro, tá a ń gbé e mì ká lè dúró ta ọjà, ọ̀rọ̀ kàn wá.

Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ń hanrun lọ́nà tí kò dáa, tí ètè rẹ̀ dúdú, tẹ́ ẹ jí i tí kò jí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ì báà ṣe wàrà, ì báà ṣe epo. Ẹ gbé e lọ ọsibítù kíá, kẹ́ ẹ sì sọ òótọ́ ohun tó lò. Abẹ́rẹ́ kan wà tó ń jẹ́ naloxone tó lè dá èémí padà. Ìtìjú ò ní jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ni wọ́n fẹ́ lò.

Nígbà tọ́mọ yẹn fẹ́ jáwọ́, ara ń ro ó, imú ń dà, inú ń ṣu, kò róorun sùn. A rò pé ibà ni. Àwọn ará ilé rẹ̀ fẹ́ lọ dè é mọ́lẹ̀ níbì kan, mo ní rárá. Ẹni tó ti lò ó pẹ́, dókítà ló ń bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó sì ti fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara rẹ̀ ò gbà á bíi tàtijọ́ mọ́. Tó bá padà lo iye tó ń lò tẹ́lẹ̀, ó lè pa á. Ẹ lọ sí UCH, wọ́n ní àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ. Árò wà ní Abẹ́òkúta náà. NDLEA ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́: 0800 1020 3040.

Ọmọ náà ti padà sọ́jà. Ẹrù díẹ̀díẹ̀ ló ń gbé, ó sì ń lọ rí dókítà rẹ̀. Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú wa ń pè é ní ọmọ olóògùn. Ẹ jọ̀ọ́, ó ní orúkọ.

Oúnjẹ àti ìsinmi ni kẹ́ ẹ máa fún alábàárù yín o, kì í ṣe owó oògùn. Ẹni tó sì ń tà á láàárín wa, mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín. Ó mọ ara rẹ̀. Kó wá bá mi ní ìsọ̀ mi kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé, mo ti bá Ìyálọ́jà sọ̀rọ̀ bá a ṣe máa wá nǹkan mìíràn fún un tà.