Àwọ́ọ̀dù Ọdún Kì í Bẹ̀rẹ̀ Lóṣù Tó Kẹ́yìn

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ìlú wa tó wà nínú ìgbìmọ̀ ẹ̀ka ẹgbẹ́ iṣẹ́ wọn sọ

Nọ́ọ̀sì wà láàárín wa níbí, tíṣà wà, ẹnjiníà àti akáńtáǹtì náà wà. Púpọ̀ nínú yín ló sì jẹ́ olóyè ní ẹ̀ka ẹgbẹ́ iṣẹ́ yín níbi tí kálukú ń gbé. Wọ́n ní kí n sọ bí ìgbìmọ̀ ṣe ń múra sílẹ̀ fún àwọ́ọ̀dù ọdọọdún. N kò ní pẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ara wa: kí la fẹ́ fi àwọ́ọ̀dù ṣe? Tó bá jẹ́ ká gbé e kọ́ ògiri nìkan ni, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá yẹ́ ẹ̀ka kan sí, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè á fẹ́ wá síbẹ̀, àwọn tó ti ń sá fún ìpàdé á padà, ẹni tó ń san owó ọdún á sì mọ̀ pé owó òun kò ṣòfò. Ẹ̀ka tí ẹnikẹ́ni kò kí kú iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, díẹ̀díẹ̀ ló ń kú. Ẹni márùn-ún kan náà lẹ ó máa rí ní gbogbo ìpàdé.

Ohun kìíní: ẹ ka òfin àwọ́ọ̀dù náà ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá gorí oyè. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ wo ẹgbẹ́ Toastmasters, tó ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ sísọ láwùjọ àti bí a ṣe ń ṣe olórí. Ẹ̀ka wọn wà káàkiri ayé, ó wà ní Nàìjíríà náà. Ọjọ́ kìíní oṣù keje ni ọdún tiwọn ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń parí ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kálukú ti mọ àfojúsùn 10 tí wọ́n fi ń díwọ̀n ẹ̀ka. Ẹ̀ka tó bá ṣe 5, tí iye ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì bá òfin mu, ti wọ ipò ọlá. Ẹni tó bá ṣe 7 ga jù ú lọ, ẹni tó bá ṣe 9 tún ga sí i. Kò sí ọ̀rọ̀ ojúsàájú níbẹ̀, gbogbo ẹ̀ka ló lè gbà á lọ́dún kan náà.

Kí ló wà nínú àfojúsùn 10 yẹn? Kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ parí ẹ̀kọ́ wọn, kí ọmọ ẹgbẹ́ tuntun wọlé, kí àwọn olóyè lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kí owó ẹgbẹ́ àti orúkọ àwọn olóyè dé ọ́fíìsì àgbà lásìkò. Ṣé ó le láti fi orúkọ ránṣẹ́ lásìkò? Kò le rárá. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka tó bá gbàgbé ọjọ́ ti fi ẹnu ara rẹ̀ kọ ìdá kan nínú mẹ́wàá.

Nítorí náà, ẹ kọ gbogbo ohun tí wọ́n béèrè sórí ìwé kan ṣoṣo. Ẹ kọ orúkọ ẹnì kan àti ọjọ́ kan síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí a bá ní "gbogbo wa la máa ṣe é", ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí.

Ohun kejì: ẹ tọ́jú ẹ̀rí. Fọ́tò tó wà lórí WhatsApp akọ̀wé, ọjọ́ tí fóònù bá sọnù ló lọ. Tí ètò kan bá ti parí, kí ọ̀sẹ̀ yẹn má kọjá kí ẹ tó kó ọjọ́ ètò, orúkọ àwọn tó wá, ríṣíìtì owó tí ẹ ná àti fọ́tò méjì mẹ́ta sínú fáìlì ẹgbẹ́. Fáìlì ẹgbẹ́ ni mo wí o, kì í ṣe ti akọ̀wé. Ìgbìmọ̀ tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ bá a níbẹ̀.

Ohun kẹta ló ṣe pàtàkì jù: ẹ sọ ohun tó yí padà. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba dá àwọ́ọ̀dù Malcolm Baldrige sílẹ̀ ní 1987 fún àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe dáadáa, iléèwé àti ilé ìwòsàn sì wọ inú rẹ̀ nígbà tó yá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, nínú máàkì 1000, 450 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àbájáde iṣẹ́ nìkan. Ẹ gbọ́ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ká ní ẹ̀yin nọ́ọ̀sì lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru fún àwọn ará ọjà. Ẹ wọ aṣọ ẹgbẹ́, ẹ ya fọ́tò, ó dára. Ẹni mélòó lẹ yẹ̀ wò? Mélòó ni tiwọn ga? Mélòó nínú wọn ló dé ilé ìwòsàn lẹ́yìn náà? Ta ló pè wọ́n láti béèrè? Tí ẹ kò bá lè dáhùn, kì í ṣe máàkì nìkan lẹ pàdánù. Ìyá aláta tí tiẹ̀ ga lọ́jọ́ náà ṣì wà nídìí àtẹ rẹ̀, kò tíì lo oògùn kankan.

Ẹ má sì parọ́ o. Tí 60 bá wá, ẹ má kọ 200. Irọ́ kan péré lè ba iṣẹ́ ọdún kan jẹ́. Kí ẹ tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ẹ fún ẹni tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ kó kà á. Ibi tí kò bá ti yé e, kò ní yé adájọ́ náà.

Tí ẹ kò bá sì gbà á ńkọ́? Ẹ béèrè ìdí. Ní ti Baldrige tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹni tí kò gbà á pàápàá fi ń gba ìwé tó sọ ibi tó ti dára àti ibi tó kù sí. Ìwé bẹ́ẹ̀ ni kí ìgbìmọ̀ tó ń bọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ ṣe ẹ̀ka yín dáadáa fún àwọn tó wà nínú rẹ̀, àwọn ará ìta á rí i. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ wá fọ́ọ̀mù náà, ẹ pín iṣẹ́, ẹ ṣí fáìlì. Ọlọ́run á bá wa ṣe é.