Ẹ Jẹ́ Ká Tún Dá Iná Sí Ófùn Ìyá Oníbúrẹ́dì

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ Ìyá sọ níbi ìpàdé oṣù ẹgbẹ́ wa. A tẹ̀ ẹ́ síbí nítorí àwọn tí kò lè wá.)

Akọ̀wé ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ètò ìrántí ọdún kan Ìyá Oníbúrẹ́dì. Ẹ̀bẹ̀ mi kò gùn. Owó tí a fẹ́ fi ra aṣọ ẹgbẹ́jọdá, ẹ jẹ́ ká fi tún ófùn Ìyá ṣe, kí a sì fi ọwọ́ ara wa ṣe búrẹ́dì nínú rẹ̀ lọ́jọ́ ìrántí náà. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti yan àwọ̀ aṣọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi ná kí ẹ tó bínú.

Láti ìgbà tí Ìyá ti lọ, ẹnikẹ́ni kò dá iná sí ófùn yẹn mọ́. Òjò ọdún yìí ti ń gba ara páànù òrùlé wọlé, amọ̀ ẹnu rẹ̀ sì ti là. Ẹnìkan ti wá bá àwọn ọmọ Ìyá pé òun fẹ́ háyà ibẹ̀, kí òun máa kó símẹ́ǹtì sí i. Wọn ò tíì dá a lóhùn. Wọ́n ní kí ọjọ́ ìrántí kọjá ná. Símẹ́ǹtì kò burú, ọmọ ìlú wa ló máa fi kọ́lé. Ṣùgbọ́n ófùn náà gba ìdajì yàrá, ẹni tó bá fẹ́ kó símẹ́ǹtì síbẹ̀, wíwó ni yóò kọ́kọ́ wó o. Tí wọ́n bá sì wó o, ó tán nìyẹn. Bàbá tó mọ ọ́n ti kú ṣáájú Ìyá, mi ò sì mọ ẹlòmíràn tó ń mọ irú rẹ̀ ní gbogbo agbègbè wa.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ rò pé Agége ni búrẹ́dì ti hù jáde, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ fún yín. Láti ọwọ́ ọ̀gá sí ọwọ́ ọmọṣẹ́ ni iṣẹ́ yìí gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà, wá sí Èkó lọ́dún 1913 láti ṣiṣẹ́ ní réluwéè. Nígbà tó yá, ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, iṣẹ́ náà gbòòrò débi pé wọ́n ń pè é ní ọba búrẹ́dì. Wọ́n ní òun ló mú ẹ̀rọ onírin méjì wọ iṣẹ́ náà, èyí tí ń tẹ ìyẹ̀fun pípò mọ́ra léraléra, tí búrẹ́dì Agége fi ń fà. Ó kú lọ́dún 1954. Ìyá tiwa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan ní Èkó, ọkùnrin náà kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Tí a bá bi Ìyá pé kí ló dé tí a fi ń ṣe nǹkan báyìí, ọ̀gá rẹ̀ ló máa ń dárúkọ. Kò ní "ìwé sọ pé" rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ófùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ yín tó jẹ búrẹ́dì rẹ̀ láti kékeré kò wọ inú yàrá yẹn rí. Kò sí aago ìgbóná kankan lára rẹ̀. Igi ni a fi ń dá a láti òru. Tí igi bá jó tán, a ó wọ́ ẹyín iná jáde, a ó fi àpò tútù tí a so mọ́ igi gígùn nu ilẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ìyá á wá bu fúláwà díẹ̀, á fọ́n ọn sínú rẹ̀, gbogbo wa á sì dákẹ́. Tí fúláwà náà bá dúdú lójú ẹsẹ̀, ófùn ti gbóná jù, ká dúró. Tó bá pẹ́ kó tó yí àwọ̀ padà, iná kò tó. Tó bá ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀pà tí wọ́n ń yan, Ìyá á ní, "Ó yá, ẹ kó wọn wọlé." Oṣù mẹ́jọ ni mo fi dúró lẹ́yìn wọn tí mò ń wo fúláwà yẹn kí wọ́n tó bi mí pé, "Ìwọ ńkọ́, kí lo rí?" Kò sí fídíò orí fóònù tó lè kọ́ yín nìyẹn. Ojú ni, àti ooru tó ń bà yín níwájú orí.

Ṣùgbọ́n ti ìwọ̀n ló jinlẹ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ Ìyá. Àpò fúláwà kan jẹ́ 50 kílò. Omi bíi 25 lítà, ṣúgà kílò mẹ́fà, bọ́tà, iyọ̀ àti yíìsì: tí a bá pò ó tán, á tó 83 kílò. Ìyá ní kí a gé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 850 gíráàmù, torí pé iná máa mú lára omi rẹ̀ lọ. Nítorí náà, àpò kan gbọ́dọ̀ bí búrẹ́dì bíi 95 sí 98. Lọ́jọ́ tí a kà á tó di 110, Ìyá pe gbogbo wa jọ, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ní, "Ta ló jalè?" A ní kò sẹ́ni tó jí nǹkan, ó tilẹ̀ lé ni. Wọ́n ní, "Ó lé fún mi, ó dín fún ẹni tó fẹ́ rà á. Ta ló jalè?" Wọn ò tà á níye tí wọ́n ń tà á tẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n dín owó rẹ̀.

Ẹ sì mọ̀ pé òkè òkun ni wọ́n ti ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà wa wọlé. Bí náírà bá ti ṣubú báyìí, kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àpò fúláwà ti gbówó lórí. Àwọn mìíràn á fi iye owó sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n á rọra dín búrẹ́dì kù, láílọ́ọ̀nù á sì bò ó. Ìyá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sára pátákó ẹnu ọ̀nà: iye àná, iye òní, ìwọ̀n kan náà. Àwọn oníbàárà á ráhùn, àwọn mìíràn á bú wa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á padà.

Ẹ rántí ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili wà ní NAFDAC, tí wọ́n ń lé àwọn tó ń fi potassium bromate sínú búrẹ́dì kiri. Kẹ́míkà yẹn máa ń fún ìyẹ̀fun lágbára, búrẹ́dì á wú gègèrè, ojú á rí i pé ó tóbi. Àwọn onímọ̀ fi dán eku wò, wọ́n rí i pé ó ń fa jẹjẹrẹ, ìdí nìyẹn tí NAFDAC fi kà á léèwọ̀. Ìyá kò fi sí tirẹ̀ rí, kódà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì máa wá yẹ̀ ẹ́ wò. Alẹ́ ni wọ́n ń po tiwọn, yíìsì díẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó sinmi di ààjìn. Àwọn kan ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé búrẹ́dì Ìyá ò ga. Wọ́n ní, "Àkókò ni kẹ́míkà tèmi." Ẹni tó bá jẹ ègé méjì níbẹ̀ kò ní béèrè fún oúnjẹ títí di ọ̀sán.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ ìrántí. Nígbà tí Ìyá kú, wọ́n din àkàrà nítorí pé òkú àgbà ni, wọ́n pín in yí àdúgbò ká, èmi náà jẹ nínú rẹ̀. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àwọn Mùsùlùmí wa ń ṣe sàráà, àwọn Onígbàgbọ́ wa ń se oúnjẹ ìdúpẹ́, kò sí èyí tí ẹnu kì í jẹ nínú rẹ̀. Ẹnìkan kọ ọ́ sórí gúrúùpù wa pé ká lọ ṣe kéèkì ńlá ní Ìbàdàn, kí wọ́n tẹ fọ́tò Ìyá sójú rẹ̀. Ẹ má bínú o, ta ló máa mú ọ̀bẹ gé imú Ìyá? Ẹlòmíràn ní ká ra búrẹ́dì wá láti ìlú ńlá ká pín in, pé ó rọrùn jù. Ó rọrùn lóòótọ́, àwọn èèyàn á sì yó. Ṣùgbọ́n ófùn á ṣì tutù sílẹ̀ níbẹ̀, a ó máa jẹ búrẹ́dì ẹlòmíràn níwájú rẹ̀.

Ní ti aṣọ, mo gbà pé ó ń jẹ́ ká mọ ara wa. Èyí tí a rà nígbà ìsìnkú ṣì dára, ẹ jẹ́ ká wọ ìyẹn.

Àwa mẹ́rin tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ìyá ti jọ sọ̀rọ̀. A ti bá bíríkìlà lọ wo ófùn náà. Inú rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ àti òrùlé ló fẹ́ àtúnṣe. Àwa la máa ṣiṣẹ́ náà, a ò ní gba owó ọwọ́. Àwọn ọmọ Ìyá sì ti ṣèlérí pé tí a bá lè dá iná sí i, tí ọ̀dọ́ méjì nínú ìlú bá jókòó kọ́ iṣẹ́ náà, wọn ò ní háyà ibẹ̀ fún ẹnikẹ́ni fún ọdún kan. Ọdún kan péré ni o. Ẹni tó bá ní ọmọ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́, kó bá mi sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Amẹ́ríkà àti ibòmíràn, ẹ lè ṣe tiyín lọ́jọ́ náà. Fúláwà búrẹ́dì kílò kan, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ìdajì lítà, ṣúgà 100 gíráàmù, bọ́tà 40, iyọ̀ 15, yíìsì gbígbẹ 10. Ẹ pò ó títí á fi máa dán, tí kò ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́. Ẹ bò ó kó wú di ìlọ́po méjì, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde, ẹ pín in sí páànù méjì, ẹ tún jẹ́ kó wú. Ófùn 180 dígírì, bíi ìṣẹ́jú 35. Ẹ fi èyí àkọ́kọ́ fún aládùúgbò yín, bí Ìyá ṣe máa ń fún ọdẹ àdúgbò ní èyí àkọ́kọ́ lóròòru.

Sátidé kejì oṣù Kejìlá ni. A ó dá iná láago mẹ́wàá alẹ́ Fráìdé, búrẹ́dì á jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Nínú 60 páànù Ìyá, 14 péré la rí. Àwọn tó yá wọn ṣe kéèkì ọjọ́ ìbí tí wọn ò dá a padà wà nínú gúrúùpù yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó wọn wá. A ò ní béèrè ibi tí wọ́n wà láti ìgbà yìí.