Kí ẹ tó fowó processor ránṣẹ́ sílé
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì)

Akọ̀wé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni mo ní, n ó gé e kúrú.

Kọ̀ǹpútà la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé, ṣùgbọ́n owó ló wà nídìí ẹ̀. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 tí Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró, ìbéèrè kan náà ló ń wọlé sí mi lórí fóònù: "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ̀rọ tó wà nílé ò lè gba Windows 11, èló ni ká fi ránṣẹ́?" Àbúrò kan ń múra JAMB, ẹnì kan ń fi ẹ̀rọ náà tẹ ìwé jẹun. Owó tí ẹ sì fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ̀yin lẹ mọ bí ẹ ṣe rí i.

Ẹ má tíì fi nǹkan kan ránṣẹ́. Windows 11 ń béèrè fún processor Intel ìran kẹjọ sókè, tàbí AMD Ryzen 2000 sókè, pẹ̀lú ohun ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. Ìgbà míì wà tó jẹ́ pé processor ò lẹ́bi, TPM yẹn ni wọn ò tàn. Inú BIOS ló wà. Intel ń pè é ní PTT, AMD ń pè é ní fTPM. Ẹ ní kí wọ́n tàn án, kí wọ́n sì tún dán an wò. Kọ́bọ̀ kan ò ní jáde lápò yín.

Tó bá wá jẹ́ pé processor gan-an ló ti dàgbà ńkọ́? Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni mò ń bá wí o. Ti láptọ́ọ̀pù, wọ́n ti jó ọ̀pọ̀ nínú processor wọn mọ́ pátákó, kò ṣeé pààrọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń mú èèyàn lọ́jà ni orúkọ. Ọlọ́jà á ní, "Core i7 ni o, ọ̀gá!" Ẹ bi í pé i7 wo? Oyè lásán ni i7, kì í ṣe ọjọ́ orí. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé e ni kí ẹ kà. i7-2600, ìran kejì ni, ọdún 2011 ló jáde. i3-12100, ìran kejìlá ni, ọdún 2022 ló jáde. Core mẹ́rin mẹ́rin ni àwọn méjèèjì ní, i3 yẹn sì yára ju i7 yẹn lọ dáadáa. Ẹni tó bá sanwó oyè, oyè náà ló máa gbé relé.

Ibi tó wá le jù nìyí, ẹ fara balẹ̀. Processor ò lè dá gbé. Orí motherboard ló ń jókòó, ojú ibi tó sì ń jókòó sí, ìyẹn socket, yàtọ̀ síra. Intel ìran kejì àti ìkẹta, LGA 1155. Ìran kẹrin, LGA 1150. Ìran kẹwàá àti ìkọkànlá, LGA 1200. Ìkejìlá dé ìkẹrìnlá, LGA 1700. Ìran kẹfà dé ìkẹsàn-án, LGA 1151 ni gbogbo wọn, ọ̀fìn sì wà níbẹ̀: motherboard tí wọ́n ṣe fún ìran kẹfà àti ìkeje ò bá ìkẹjọ àti ìkẹsàn-án ṣiṣẹ́. Á wọlé wẹ́rẹ́, á jókòó dáadáa, kò sì ní tàn. Ẹni tó bá sọ fún yín pé "1151 ṣáà ni gbogbo ẹ̀", ẹ dá a lóhùn pé ẹ̀ ń bọ̀.

AMD ṣàánú wa díẹ̀ ní tiwọn. Láti Ryzen àkọ́kọ́ ní 2017 dé Ryzen 5000, socket AM4 kan náà ni. Ṣùgbọ́n motherboard B450 tó jáde ní 2018 ò mọ Ryzen 5000 rí, àfi tí wọ́n bá ṣe àtúnṣe BIOS ẹ̀. Kí ọlọ́jà ṣe é lójú yín, kó tàn án kí ẹ rí i.

Àwọn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tokunbo tó kún ọjà, bíi OptiPlex ti Dell, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ motherboard wọn. Ẹnu wáyà iná ọ̀pọ̀ nínú wọn yàtọ̀ sí tọjà, ẹ ó kàn máa ra nǹkan lé nǹkan ni. Lójú tèmi, ẹ tà á, kí ẹ fi owó lé e ra odindi tokunbo ìran kẹjọ, bíi OptiPlex 3060. Ó kéré sí wàhálà.

Ẹni tó bá ti ní àpótí tirẹ̀ tó fẹ́ tò ó fúnra ẹ̀, Ryzen 5 5600G lórí AM4 ni mo máa ń sọ fún èèyàn. Core mẹ́fà, ó ní àwòrán tirẹ̀ nínú, RAM DDR4 ló ń lò. Lẹ́tà G yẹn ṣe pàtàkì: 5600 tí kò ní G ò lè gbé àwòrán sójú iboju láìsí káàdì àwòrán. F ti Intel náà nìyẹn, bíi i5-12400F. Ó máa ń dínwó díẹ̀, ìdí ẹ̀ nìyẹn. LGA 1700 náà dára, àmọ́ motherboard rẹ̀ kan ń gba DDR4, òmíràn DDR5, kò sí èyí tó ń gba méjèèjì nínú ihò kan náà. RAM tí ẹ ní nílé ni kí ẹ fi yan pátákó.

Ẹ tún rántí NEPA. 65 watt ni wọ́n kọ fún 5600G, 125 ni fún i5-12600K. Lórí inverter tàbí jẹnẹrétọ̀ kékeré, ẹ ó mọ ìyàtọ̀.

Bí ẹ bá ń ra motherboard Intel tokunbo ní Ìkẹjà, ẹ ṣí ojú socket ẹ̀, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ẹsẹ̀ wínníwínní wà níbẹ̀, tí ọ̀kan bá ti wọ́, ẹ dá a padà. Ti AMD AM4, abẹ́ processor gan-an ni ẹsẹ̀ wà.

Iṣẹ́ àṣetiléwá tèmi rè é. Ẹ ní kí ọmọ tó wà nílé tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú R, kó kọ msinfo32, kó ya fọ́tò ibi tó kọ Processor, BaseBoard Product àti BIOS Version. Ẹ fi í sínú group kí ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé èyí tó dé, pẹ̀lú iye tí ẹ fẹ́ ná. Èmi àti àwọn ọmọ wa tó mọ iṣẹ́ yìí á jọ wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan.